Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Iṣẹ́ Òòjọ́ Nínú Eré Orí Tábìlì

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lè fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí eré yìí ń bi olùṣeré ni àwọn òbí ń bi ara wọn nígbà tí ọmọ bá jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Dungeons & Dragons ni orúkọ eré náà; Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Olùṣeré a dá ènìyàn kan sílẹ̀, a máa fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, a sì máa ta ọmọ ayò olójú 20 láti mọ bí ìṣe rẹ̀ yóò ti rí. Ẹ̀dà kẹta rẹ̀, tí ó jáde ní 2000, pín ìmọ̀ iṣẹ́ sí méjì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ti alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò àti ahunṣọ, àwọn tí ń ṣe nǹkan jáde. Ẹni tí kò kọ́ ọ pàápàá lè dán an wò. Iṣẹ́ òòjọ́ ni ti àgbẹ̀, apẹja àti atukọ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Owó ọ̀sẹ̀ kan kò yàtọ̀: ìdajì iye tí ayò bá mú wá, ní owó wúrà. Máàkì tí a ń ná lórí ìmọ̀ kò sì pọ̀, nítorí náà yíyàn di dandan.

Níbo ni kí a fi ahunṣọ ilẹ̀ Okun sí? Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin Bùnú a máa hun aṣọ lórí òfì tí ó dúró ṣánṣán. Elisha Renne kọ odindi ìwé lórí aṣọ wọn, èyí tí ó jáde ní 1995. Obìnrin kan náà a tún lọ sí oko, a tún ná ọjà. Aṣọ híhun kọ́ ni gbogbo oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó jókòó sídìí òfì láìkọ́ṣẹ́ tí kò já òwú. Ibẹ̀ ni òfin eré náà ti kù díẹ̀ káàtó lójú mi.

Bí máàkì bá tó ẹyọ kan péré, iṣẹ́ ọwọ́ ni èmi yóò mú, nítorí aṣọ wà fún ẹlòmíràn láti fi bora lẹ́yìn tí owó bá ti tán. Àfi bí ìrìn-àjò bá gba Lọ́kọ́jà kọjá, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé: atukọ̀ ni kí a mú níbẹ̀, kí a má bàa kú sómi. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó bá fẹ́ kọ òfin eré tiwọn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ahunṣọ kò lè ta ayò kankan lórí òfì, àfi bí ìyá kan bá ti kọ́ ọ.