Ẹ Má Tẹ̀ka Síwèé Kí Ẹ Tó Béèrè
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ nípàdé oṣù)

   

Ẹ mọ ìdí tí mo fi dìde. Ọ̀kan nínú wa ní ìsọ̀ aláta di opó láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀ ń bá kọ̀ngílá kan ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ iná ló gbé iṣẹ́ fún kọ̀ngílá yìí pé kó so wáyà tó já lẹ́yìn ìsọ̀ aláṣọ. Wọ́n ní àwọn ti pa iná. Ọkùnrin náà gun òpó, iná gbé e, kò dé ọsibítù tó fi kú. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kọ̀ngílá gbé ₦100,000 wá pẹ̀lú ìwé kan, ó ní kí ìyàwó tẹ̀ka sí i pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ní òkú kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, lébírà lásán ni. Ilé iṣẹ́ iná ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n tún ní jẹnẹrétọ̀ ọjà wa ló dá iná padà sórí wáyà. Bẹ́ẹ̀ ni òkú wá di òkú tí kò lólúwa.

Arábìnrin wa fẹ́ tẹ̀ka. Owó ìsìnkú kò sí, ọmọ mẹ́ta ń bẹ nílẹ̀. Èmi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n mo dì í lọ́wọ́ mú, a jọ lọ bá lọ́yà. Pírámárì Síìsì ni mo kà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí lọ́yà sọ fún wa ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àkọ́kọ́, òfin kan wà láti 2010 lórí owó ìtùnú fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF ló ń bójú tó o. Òfin yẹn ka lébírà ojoojúmọ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ó ka ọmọ iṣẹ́ mọ́ ọn, kódà bí àdéhùn ẹnu lásán ni wọ́n bá ṣe. Kò sì béèrè ta ló jẹ̀bi. Kó ṣáà ti jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ló kú sí. Bí òkú bá fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, nínú ₦100 tó ń gbà lóṣù, ₦90 ni wọn ó máa san fún wọn lóṣooṣù. Bí ọmọ bá jẹ́ ẹyọ kan, ₦85 ni. Ẹ fi ìyẹn wé ₦100,000 ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo!

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ o. Láàárín ọjọ́ 14, kí ẹbí kọ̀wé sí ẹni tó gbà á síṣẹ́, kí wọ́n sì mú ẹ̀dà kan pamọ́. Láàárín ọdún kan, kí wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù NSITF, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n dá a padà. Bí kọ̀ngílá bá ní òun kò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹjọ́ òun àti ìjọba nìyẹn. Ẹ lọ fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìkejì ni kóòtù. Ẹni tó gbà á síṣẹ́, owó NSITF ni òfin fi rọ́pò ẹjọ́ tí à bá pè é. Ṣùgbọ́n bí àìbìkítà ẹlòmíràn bá lọ́wọ́ sí i, ẹbí lè pe onítọ̀hún lẹ́jọ́. Wọn ó yàn bóyá owó ni àbí ẹjọ́, nítorí náà kí lọ́yà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 2013 ni àwọn tó ń pín iná ti bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ìjọba lọ̀rọ̀ kàn, àkókò láti pe ẹjọ́ lè má ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sí Legal Aid Council, ìjọba ló dá a sílẹ̀ fún tálákà.

Ìkẹta, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ má kánjú sin òkú kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì kọ ohun tó pa á sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò òpó àti wáyà. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ pa fóònù òkú mọ́, àlá̀ẹ̀tì owó tí kọ̀ngílá ń san wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ òpó àti wáyà wò ni NEMSA, ẹ kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Àwọn kan ní ká dákẹ́, kí wọ́n má baà mú wa. Rárá o. Òótọ́ ni pé bí a bá tan jẹnẹrétọ̀ láìsí ṣénjí-ọ́fà, iná lè gba wáyà padà dé tírànsífọ́mà. Ẹ̀rọ tó ń sọ 11,000 di 415, bí iná bá gba ẹ̀yìn wọlé, á sọ 415 di 11,000. Ó lè pa ẹni tó wà lókè. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí kọ̀ngílá ti dán wáyà wò, kó sì so ó mọ́ ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ wa lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ìyẹn ò ní kí NSITF má sanwó fún opó. Láti òní lọ, ìsọ̀ tí kò bá ní ṣénjí-ọ́fà kò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀.

Arábìnrin wa kò tẹ̀ka. Ó ti kọ fọ́ọ̀mù, ó ń retí èsì. Ohun tó jẹ́ kó lè kọ ₦100,000 ni pé ẹgbẹ́ yá a lówó ìsìnkú nínú àpótí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di òfin: bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹgbẹ́ ló máa kọ́kọ́ débẹ̀, kí kọ̀ngílá tó gbé ìwé dé. Ebi àti ẹkún ni wọ́n fi ń gba ìka lọ́wọ́ opó.

 Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán wa wò mọ́.