Kí Ẹ Tó Ra Náítírọ́ọ̀sì, Ẹ Ra Gééjì

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé oṣù yìí

 

Ẹni méjì nínú wa ló wá bá mi pé, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kà ní yunifásítì, kí n bá àwọn wá àgbá náítírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń rí nínú fíìmù eré mọ́tò. Ọ̀kan nínú wọn, mọ́tò tó fi ń gbé èrò ló fẹ́ dè é mọ́! Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí.

Náítírọ́ọ̀sì kì í ṣe epo, òun fúnra rẹ̀ kì í jó. Oxygen ló gbé sínú. Tí ooru sílíńdà bá ti mú un, á tú ká, oxygen á jáde. Tí a bá wọn afẹ́fẹ́ tí à ń mí, oxygen inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 23 nínú 100. Ti náítírọ́ọ̀sì tó 36. Àwọn ará Jámánì lò ó fún ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, torí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ lókè lọ́hùn-ún.

Ẹ wo alágbẹ̀dẹ. Bí èédú bá pọ̀ tó, tó fi ẹwìrì fínná, irin á pọ́n, á ṣeé lù. Bí èédú bá ti fẹ́ tán tí ọmọ iṣẹ́ ṣì ń fínná kíkankíkan, irin gan-an ló máa bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ẹwìrì ni náítírọ́ọ̀sì. Epo ni èédú.

Kílò pẹtiróòlù kan ń fẹ́ nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó jó tán. Bí nọ́ńbà yẹn bá ròkè, epo ti kéré nìyẹn. Bó bá wálẹ̀, epo pọ̀. Tí náítírọ́ọ̀sì bá ń wọlé, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fẹ́ kó wà ní nǹkan bíi 11.5 sí 12.5. Bó bá sá lọ sí 14 nígbà tí ẹ tẹ iná mọ́tò mọ́lẹ̀, dípò kí epo jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á máa bú gbàmù, písítìnì á sì yọ́. Kì í pẹ́ rárá.

Mo fojú ara mi rí ọ̀kan níbi tí mo ti ṣe IT. Ihò tó wà lórí písítìnì kẹta, àtàǹpàkò mi wọ ibẹ̀. Fílítà epo ló ti dí, pọ́ǹpù ò lè fún epo tó. Ẹni tó ni mọ́tò ò ní gééjì kankan. Ó ní etí lòun fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jọ̀ọ́, sẹ́ńsọ̀ tó bá ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa wá ò tó fún iṣẹ́ yìí. Àyíká 14.7 nìkan ló mọ̀ dáadáa; kò lè sọ ìyàtọ̀ 11.5 sí 13 fún yín. Èyí tí wọ́n ń pè ní wideband ni kí ẹ béèrè. Ara páìpù sàlẹ́ńsà ni wọ́n ń dè é mọ́, ṣáájú kátálíísì. Òmíì wà tó jẹ́ pé bí epo bá ti kéré, fúnra rẹ̀ ló máa pa náítírọ́ọ̀sì. Èyí ló wù mí jù, torí ojú ọ̀nà ló yẹ kí ojú yín wà.

Gééjì náà máa ń parọ́ o. Bí páìpù bá ń jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀, tàbí tí pílọ́ọ̀gì kan ò tanná, á ní epo kéré nígbà tí kò kéré. Èyí tó burú jù, àròpọ̀ gbogbo sílíńdà ló ń kà: mẹ́ta lè yó, kí ebi máa pa ìkẹrin. Nítorí náà, ẹ máa tú pílọ́ọ̀gì wò. Bí ẹ bá rí èérún fàdákà wínníwínní lára tánganran rẹ̀, písítìnì ti ń yọ́ nìyẹn. Ẹ pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín pé ẹ máa fà á símú, mo ti gbọ́ o! Wọ́n sábà máa ń da sulphur dioxide mọ́ ti mọ́tò nítorí irú yín.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé èrò, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tiyín sílẹ̀. Owó iléèwé àwọn ọmọ wà lórí ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ̀yin yòókù, mo máa yá gééjì kan wá sí gbọ̀ngàn ìlú ní Sátidé, aago mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní mọ́tò, kó gbé e wá ká jọ kà á.