Fóònù Nínú Yàrá Ìyá Ìkókó
(Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ìyá bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún, Kánò)

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọlẹ́yìn Kristi láàárín wa, ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n irú fóònù kan náà ni gbogbo wa ń lò.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Kánò yóò rántí ọdún 2007. Fídíò ìkọ̀kọ̀ kan tí wọ́n fi fóònù alágbèéká yà, tí òṣèré fíìmù Hausa kan wà nínú rẹ̀, jáde síta, ó sì di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2001 lẹ́yìn tí Ṣàríà bẹ̀rẹ̀, dá iṣẹ́ fíìmù dúró fún oṣù mélòó kan. Ọ̀nà oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ dí.

Nígbà náà, ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré la pè é. Ní ọdún tó kọjá, ó wọlé wá bá wa. Níbi ìkómọ kan nínú ẹgbẹ́ wa yìí, àwa obìnrin wà ní yàrá pẹ̀lú ìyá ìkókó. Ó ti ṣí gèlè, ó ń fún ọmọ lọ́mú, kò sí ọkùnrin níbẹ̀. Ẹnì kan nínú wa ya fídíò, nítorí ayọ̀ ni, ó fi í sínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé ọjà tí ọkọ rẹ̀ ti ń tajà. Odidi oṣù mẹ́ta ni obìnrin yìí kò fi wá sí ìpàdé. Àwa la yà á, àwa la fi í ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó gbà pé òun ṣẹ̀.

Àwọn àfáà wa ti kọ́ wa pé ìhòhò ọkùnrin wà láti ìdodo dé orúnkún, àti pé àjèjì ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ rí ara obìnrin, àfi ojú àti ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Èyí la mọ̀. Ohun tí a gbàgbé ni pé ẹsẹ̀ 31 nínú Súrátù Núúrù to àwọn tí obìnrin lè ṣí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ níwájú wọn: ọkọ, bàbá, ọmọ, arákùnrin, àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti àwọn mìíràn. Ìtìjú kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Ẹni tó ń wò wà nínú rẹ̀. Yàrá obìnrin kì í ṣe yàrá obìnrin mọ́ bí kámẹ́rà bá ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ 27 sì ti ní kí a má wọ ilé onílé láìgba àyè. Ẹsẹ̀ 30 kọ́kọ́ ní kí ọkùnrin rẹ ojú nílẹ̀ kí ó tó kan obìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Lórí àwòrán fúnra rẹ̀, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò. Hádíìsì wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim pé mọ̀láíkà kì í wọ ilé tí àwòrán wà. Olóògbé Shaykh Ibn Baz ti Saudi Arabia mú un le, àfi fún ohun tí a kò lè ṣe aláìṣe, bí ìwé ìrìnnà. Muhammad Bakhit al-Muti'i, tó jẹ mùftí ní Íjíbítì, gbà pé òjìji lásán ni kámẹ́rà ń mú dání. Oríṣi méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ wa. Bàbá tí kò bá fẹ́ fọ́tò nínú ìwé ọdọọdún yìí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n kọ, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba fọ́tò láàyè pàápàá kò gba ìhòhò láàyè.

A ti rí ẹni tó gbé fóònù wọ ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú. Òkú kò lè sọ pé òun kò fẹ́.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù báyìí ni kọ̀ǹpútà tó lè bọ́ aṣọ lára fọ́tò ọmọbìnrin tó wọ hìjáàbù, kí ó fi ara tí kì í ṣe tirẹ̀ rọ́pò. Ẹnikẹ́ni kò rí ìhòhò rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n purọ́ mọ́ Àíṣà, ìyàwó Ànọ̀bì, ẹsẹ̀ 15 nínú súrà yìí kan náà bá àwọn tó ń gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara wọn wí, nítorí wọ́n rò pé ohun kékeré ni. Àtàǹpàkò wa ló ń ṣe iṣẹ́ ahọ́n nísinsìnyí.

Láti ìkómọ tó ń bọ̀, agbọ̀n yóò wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá ìkókó. Inú rẹ̀ ni fóònù yóò wà. Bí ìyá ọmọ bá fẹ́ fọ́tò, òun ni yóò yan ẹni tí yóò yà á, yóò sì wò ó kí ó tó jáde. Fídíò ọdún tó kọjá yẹn ńkọ́? Ẹni tó bá ṣì ní i lórí fóònù rẹ̀, kí ó pa á rẹ́ kí a tó dìde. A ó dúró dè yín.