Ọkọ̀ Tí A Kàn Fún Ọ̀nà Ẹrẹ̀

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí mọ bọ́lẹ̀kájà dáadáa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tòun ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń rà, Bedford tàbí Austin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Káfíńtà wa ló ń kan ara rẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà kò pọ̀ nígbà náà. Ọ̀nà tí kòkó ń gbà jáde láti oko Oǹdó àti Ifẹ̀, bí òjò bá ti rọ̀, ó di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Káfíńtà sì mọ ohun tó ń ṣe. Pákó ló fi ṣe ara ọkọ̀, nítorí pé bí kòtò bá ń yí ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, pákó a máa mì tẹ̀lé e. Bí ó bá kán, káfíńtà abúlé èyíkéyìí lè tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n a fi ewé sípírìn kún sípírìn kí ọkọ̀ lè ga. Bí ọkọ̀ bá rì, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ a bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, a kó ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà, a wé ṣéènì mọ́ ọn tàbí kó tẹ́ pákó sílẹ̀, èrò a sì sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Agbára ẹ́ńjìnnì nìkan kò tó. Táyà tí kò rí ohun gbá mú, bí dírẹ́bà bá ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀.

Nígbà tó di ti Èkó, ajórinmọ́rin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà. Wọ́n mú Mercedes 911, ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n jó irin àti páànù lé e lórí, ó di mólúè. Ta ni kò wọ̀ ọ́ rí ní Oṣòdì? Omi tó ń dá mọ́tò kékeré dúró ní Okota tàbí Mafoluku, mólúè a là á kọjá.

Ṣùgbọ́n ara èrò ni wọ́n fi san owó rẹ̀. Irin tí kò dán a fa aṣọ ya, a sì gé èèyàn lẹ́sẹ̀. Àwọn tó dúró a máa pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kò rí ọ̀nà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, Ìjọba Àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, síbẹ̀ mólúè tó ti gbó ń ká Èkó kiri.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí, òṣìṣẹ́ ìjọba sì lèmi náà: bí ọkọ̀ bá ti lè wọ ẹrẹ̀ kọjá, ta ló tún ń kánjú la gọ́tà? Ní 2008, bọ́ọ̀sì BRT dé, mólúè bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé. Wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá Oṣòdì ní 2019. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, òfin tó ka ọ̀kadà léèwọ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Mi ò bínú sí èyíkéyìí nínú wọn. Àmọ́ ẹ wo àwọn òpópónà inú lẹ́yìn òjò. Wọ́n lé ọkọ̀ lọ, wọ́n fi ẹrẹ̀ sílẹ̀. Ajórinmọ́rin tó kan mólúè ńkọ́? Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pè é jókòó kó wá fi ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọmọ ẹlòmíì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ti ń jó irin fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin láìní ìwé ẹ̀rí, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé. Ìdánwò Trade Test ti Ìjọba Àpapọ̀ wà fún irú wọn, màá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin yòókù, ẹ bá akọ̀wé kọ orúkọ òpópónà yín tí kò ní gọ́tà sílẹ̀, ká lè kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.