Kì í ṣe Eyín: Ọ̀rọ̀ lórí Ìrora Iṣan Ojú

Àwọn alàgbà ní kí àwa tí a wà nídìí ìtọ́jú àwọn aláìsàn nínú ìjọ wá bá yín sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní àwọn àpéjọ tí ó ti kọjá, a ti sọ̀rọ̀ lórí ibà, a sì ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìsàn ti òní kò wọ́pọ̀ bí ìwọ̀nyí, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín má tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ti mú ẹnìkan láàárín wa, àwa fúnra wa sì ṣe àṣìṣe ńlá lórí rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ka ọ̀rọ̀ yìí sí gbèsè tí ó wà lọ́rùn wa.

Ìyá kan wà ní ẹ̀ka ìjọ wa ní ìlú Jos, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ̀ǹda kí a sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun ni olórí akọrin àwọn ìyá fún ọdún púpọ̀. Ní ìgbà ọyẹ́ kan, a ṣàkíyèsí pé kò dá orin mọ́. Nígbà tí ó ṣe, kò kọ orin rárá. Bí a bá kí i, orí ni ó ń mì sí wa. Ó ń fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, kì í sì í jẹ́ kí omi kan apá ibẹ̀ nígbà tí ó bá ń bọ́jú. Ògì tí kò gbóná tí kò sì tutù ni ó fi ń gbé ẹ̀mí ró, ó sì rù hangogo.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ti í rí láàárín ìjọ. Àwọn kan ní inú ń bí i nítorí pé a yan ẹlòmíràn kún àwọn olórí akọrin. Àwọn kan ní ó ti fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́. Àwọn mìíràn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọfà ni wọ́n ta á. Àwa náà bẹ̀ ẹ́ wò, a sì gbà á níyànjú pé kí ó mú ìbínú kúrò lọ́kàn. Ó ń wò wá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fèsì. A rò pé ìmọ̀ràn wa ni ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn! A kò mọ̀ pé bí ó bá ti la ẹnu pẹ́nrẹ́n, ìrora náà yóò dé ni.

Kí ó tó di ìgbà náà, ó ti yọ eyín mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n yọ èkínní tí ìrora kò lọ, wọ́n ní èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n yọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ ẹ̀kẹta. Ojú ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ìrora náà kò kúrò níbẹ̀, ní ibi tí kò sí eyín kankan mọ́. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó lo egbòogi ẹ̀fọ́rí títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ náà ni ó kọ́kọ́ fura. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ ṣáà fi ìka hàn mí ibi tí ó ti ń dùn yín.” Ìyá na ìka sí ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka náà dúró nínú afẹ́fẹ́, kò kan ara. Ẹ̀yin ará, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí eyín ń dùn a máa di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, a sì máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣan ojú ń dùn, lọ́pọ̀ ìgbà, kò jẹ́ fi ọwọ́ kan ibẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn kàn án.

Nígbà tí ó ráyè sọ̀rọ̀, ó ní bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé ènìyàn ni. A dé wàrà, a sì lọ wàrà. Kí ó tó pariwo, ó ti tán. Kí ó tó mí, òmíràn ti dé. Bí ó ti rí nìyẹn. Ìrora kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, kì í sì í ju ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n ó lè dé lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ohun kékeré ni ó ń fà á: jíjẹun, ọ̀rọ̀ sísọ, fífọ eyín, omi tí a fi bọ́jú, afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin ará Jos, ẹ mọ irú afẹ́fẹ́ tí ọyẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Apá kan ojú ni ó sábà máa ń mú. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ti kọjá àádọ́ta ọdún, àwọn obìnrin ni ó sì ń mú ju ọkùnrin lọ.

Kí ni ó ń fà á? Oríṣi iṣan méjìlá ni ó ti inú ọpọlọ jáde wá, méjì-méjì ni wọ́n, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. A kò sọ̀rọ̀ iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, tàbí iṣan tí a fi ń gbé ẹrù. Orúkọ kan náà ni èdè wa fi ń pe gbogbo wọn. Èyí tí ó ń gbé ìròyìn láàárín ara àti ọpọlọ, bí wáyà tẹlifóònù, ni à ń wí. Ìkarùn-ún nínú wọn ni ó ni ojú. Ó pín sí ẹ̀ka mẹ́ta: ọ̀kan lọ sí iwájú orí àti ẹyinjú, ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín òkè, ọ̀kan sí àgbọ̀n àti eyín ìsàlẹ̀. Ẹ̀ka kejì àti ẹ̀kẹta ni àìsàn yìí sábà máa ń bá jà, nítorí náà ni aláìsàn àti oníṣègùn fi ń bínú sí eyín tí kò ṣẹ̀.

Iṣan yìí ní èèpo lára, gẹ́gẹ́ bí rọ́bà ti bo wáyà iná. Ní ẹ̀bá ibi tí ó ti jáde láti inú ọpọlọ, ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan fara tì í, tí ó ń lù ú ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èèpo náà ń bó. Wáyà tí rọ́bà ti bó lára rẹ̀ a sì máa ta iná. Ìfọwọ́kàn fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò yẹ kí ó ju ìfọwọ́kàn lọ yóò wá di iná nígbà tí ó bá dé ọpọlọ. Nígbà mìíràn, kókó kan nínú orí ni ó ń tẹ iṣan náà, tàbí àìsàn mìíràn tí ó ń jẹ èèpo iṣan. Nítorí náà ni dókítà fi lè ní kí a ya àwòrán inú orí, pàápàá bí aláìsàn bá jẹ́ ọ̀dọ́, tàbí bí ojú bá kú tipiri, tàbí bí ó bá mú apá méjèèjì.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. John Fothergill, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ dáradára ní 1773. Ní 1934, Walter Dandy ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa iṣan ẹ̀jẹ̀ tí òun ń bá ní ẹ̀gbẹ́ iṣan ojú nígbà iṣẹ́ abẹ. Ní 1962, dókítà Blom, ará Sweden, ròyìn pé egbòogi carbamazepine ń pa ìrora náà. Ní ọdún 1962 kan náà ni Dókítà Latunde Odeku, ọmọ Àwẹ́, padà sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀.

Carbamazepine yìí, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Tegretol, ni egbòogi tí àwọn dókítà kọ́kọ́ ń lò títí di òní. Egbòogi ẹ̀fọ́rí lásán kì í ràn án. Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ìyọnu mìíràn ti dé bá ìyá wa. Nígbà tí dókítà kọ egbòogi náà, ọmọ rẹ̀ mú ìwé lọ sí ọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì, ẹni tí ó ń tajà sì bi í pé, “Ta ni wárápá ń ṣe nínú ilé yín?” Ọmọ náà padà wálé pẹ̀lú ìtìjú. Ìyá ní òun kò ní lo egbòogi wárápá, kí aráyé má baà sá fún àwọn ọmọ òun. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ ìyà sí i, nígbà tí egbòogi wà lórí tábìlì.

Òótọ́ ni pé egbòogi wárápá ni. Iṣan tí ó ń ta iná láìnídìí ni ó ń mú rọ̀, ìbáà ṣe nínú ọpọlọ, ìbáà ṣe ní ojú. Kò túmọ̀ sí pé wárápá ń ṣe ẹni tí ó ń lò ó nítorí ìrora. Bí a bá sì ní kí a sọ ọ́, wárápá pàápàá kì í ṣe ohun ìtìjú, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọ̀rọ̀ àpéjọ mìíràn.

Díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, dókítà ni yóò sì máa fi kún un. Ó lè fa òòyì àti oorun, ẹsẹ̀ àgbàlagbà sì lè má dúró ṣinṣin. Ẹ ṣọ́ wọn kí wọ́n má ṣubú. Ó lè dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì lè dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù. Nítorí náà ni a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Bí ara bá sú, tàbí tí ẹnu bá dá egbò pẹ̀lú ibà, ẹ tọ dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè sọ àwọn egbòogi mìíràn di aláìlágbára, bí egbòogi ìfètò sí ọmọ bíbí àti egbòogi ibà artemether-lumefantrine tí gbogbo wa ń rà. Kí ẹni tí ó ń lò ó sọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó gba egbòogi ibà. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó láìbá dókítà sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti dẹ̀ ẹ́. A ń gbàdúrà fún aláìsàn, a ó sì máa gbàdúrà. A kò rí ibi tí àdúrà ti ní kí a da egbòogi nù.

Bí egbòogi kò bá tó, iṣẹ́ abẹ wà. Peter Jannetta, ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di mímọ̀ láti àwọn ọdún 1960: wọn a fi nǹkan rírọ̀ kékeré sáàárín iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ojú kí wọ́n má baà fara kan ara wọn mọ́. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gba èyí, wọ́n lè ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi abẹ́rẹ́ dé ìdí iṣan náà kí wọ́n fi ooru pa agbára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lè kú tipiri lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìrora ojú ni ó jẹ́ ti irú èyí. Òmíràn ń ti iṣan kẹsàn-án wá, tí ó ń gún ọ̀fun àti etí nígbà tí a bá gbé nǹkan mì. Èyí tí ó yẹ kí a yára sí jù ni ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ sú ní apá kan iwájú orí tàbí ní ẹ̀bá ojú, tí ibẹ̀ sì ń ta á bí iná. Kòkòrò àrùn chicken-pox tí ó ti mú un ní èwe, tí ó sì sá pamọ́ sínú iṣan láti ìgbà náà, ni ó tún jí dìde. Ó lè fọ́ ojú. Egbòogi rẹ̀ wúlò jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí a bá sì fi falẹ̀, ìrora rẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn tí ara ti jinná.

Ìyá wa ti ń jẹun báyìí. Ní ọyẹ́ tí ó kọjá, ìrora náà tún yọjú fún ọjọ́ mélòó kan, dókítà sì fi díẹ̀ kún egbòogi rẹ̀. Ó ti padà sáàárín akọrin, ṣùgbọ́n kò gba ipò olórí mọ́. Ó ní ẹni tí ó wà níbẹ̀ ń ṣe é dáradára. Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí a sọ sí i lọ́jọ́ kìíní, ó ní kí a jókòó, ó gbé omi fún wa, ó ní òun tí ó ń dùn kò mọ ohun tí ó jẹ́, báwo ni àwa yóò ṣe mọ̀?