Ẹ Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Kòkó Yín Kí Ẹ Tó Gbé Pọ́ǹpù

Ọ̀rọ̀ òní kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbin kòkó, pàápàá ẹ̀yin ará wa ní apá Atakpamé àti Badou ní ilẹ̀ Tógò.

Nígbà òjò, bí èso kòkó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ọ̀pọ̀ wa a sáré gbé pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n oògùn wo ló wà nínú rẹ̀? Oògùn tí ń pa kòkòrò kò lè wo àrùn tí ń mú èso dúdú. Ẹni tó bá fín in ti da owó nù sínú oko, ó sì ti fa májèlé símú lásán.

Ọ̀rinrin ni àrùn yìí fẹ́ràn. Omi òjò ní í gbé e láti ara èso kan dé ara èkejì. Nítorí náà, àdá ni oògùn àkọ́kọ́:

1. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, ẹ ká gbogbo èso tó ti dúdú, kí ẹ sì kó o jìnnà sí igi kòkó.

2. Ẹ ro abẹ́ kòkó. Ẹ gé àfòmọ́ àti ẹ̀ka tó pọ̀ jù, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá.

3. Ẹ má gé e jù o. Ibi tí oòrùn bá ti ráyè wọlé gan-an ni kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó máa ń pọ̀ sí. Ẹ gbin igi dí ibẹ̀.

4. Ẹ má pa eèrà pupa tí ń so ewé pọ̀ ṣe ilé lórí igi. Ó ń gé ni jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń lé kòkòrò fún yín.

Bí èyí kò bá tó, ẹ pe ẹni tí ń kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́, kó wo oko kí ẹ tó ra oògùn.

Àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà àti Gánà kò jẹ́ gbàgbé Gammalin 20. Wọ́n fín in sí kòkó títí. Àwọn kan tilẹ̀ dà á sódò láti fi pẹja. Lindane ló wà nínú rẹ̀. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè kọ ọ́ mọ́ àwọn májèlé tí a gbọ́dọ̀ fi òpin sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, iṣẹ́ yín rèé: ẹ ka ohun tó wà lára agolo kí ẹ tó ṣí i. Bí wọn kò bá kọ nǹkan kan sí i, ẹ má rà á. Bó bá sì tán, ẹ lu agolo náà nihò, kí ọmọ má baà fi bu omi mu.

Ẹ ka ìwé yìí sétí aládùúgbò yín.