Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ilẹ̀ Tí Ó Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìlú wa, lórí ilẹ̀ rẹ̀, àti lórí bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń rí jẹ. Ìlú ni a sábà máa ń yìn ní irú ìpàdé báyìí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ oko pẹ̀lú.

Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1952, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ṣe ìkẹta ní gbogbo Nàìjíríà. Ìbàdàn ní 459,196, Èkó ní 267,407, àwa sì ní 139,535. Kánò pàápàá wà lẹ́yìn wa. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé a ní èbúté, tàbí ibi ìwakùsà, tàbí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá. A kò ní ọ̀kankan. Ogun ni ó kó wa jọ. Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, tí ó bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ni ó tẹ ìlú dó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn jagunjagun Ìlọrin ń fọ́ àwọn ìlú ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ sì tú ní àwọn ọdún 1830, àwọn ará Ìkòyí, àwọn ará Ìrẹsà àti ti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn sá wọ inú odi wa, nítorí pé ọ̀tá kò rí i fọ́. Bí ìlú ti ń kún, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ìhà àríwá ń ṣófo, títí tí ibi tí Ọ̀yọ́-Ilé wà rí fi di ọgbà ẹranko ìjọba. Ìdí nìyí tí a fi jẹ́ ìlú ńlá tí oko rẹ̀ jìnnà: bàbá ní ilé ní ìlú, ó sì ní abà ní ibi tí yóò rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó dé.

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ náà. Kòkó tí ó sọ àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ di olówó kò fẹ́ràn rẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ ni ó gbà. Igi ẹmi àti igi igbá sì ń hù fúnra wọn, tí àwọn ìyá wa ń fi wọ́n ṣe òrí àti irú. Inú ẹ̀gẹ́ yìí ni láfún tí a mọ̀ wá mọ́ ti ń wá, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó máa ṣe é, a kò ní tìtorí rẹ̀ fi í sílẹ̀.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Òfà lọ sí Ìlọrin. Ó yà wá sílẹ̀. Ìlú tí kò ní kòkó, tí ọkọ̀ ojú irin kò sì gbà kọjá, kí ni yóò ṣe? Àwọn bàbá wa di ẹrù wọn, wọ́n lọ sí Òkè-Ọya, wọ́n lọ sí Gold Coast, títí dé Kumasi àti Tamale. Owó àjò ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń rí wọ̀nyí. Ṣọ̀ún Jimoh Oyèwùmí, Ajagungbadé Kẹta, ti ṣòwò ní Jọ́ọ̀s kí ó tó gun orí àpèrè ní 1973. Ṣọ̀ún Afọlábí Ọláoyè, tí ó jẹ ní 2023, ti ṣe iṣẹ́ pásítọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà àjò ni ọba wa pàápàá ń gbà wọlé!

Ṣùgbọ́n ẹ rántí 1969. Ní November 18 ọdún náà, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí wọ́n bí sí ibẹ̀ gan-an kó ẹrù wálé, tí wọ́n fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Ní ọdún kan náà, nínú ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà lórí owó orí, a pàdánù Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọdé. Ohun búburú ni, a kò sì ní dá a láre. Síbẹ̀, ẹjọ́ tí àwọn àgbẹ̀ rò nígbà náà ni pé owó orí ń jáde láti oko, ọ̀nà kò sì dé oko.

Ẹjọ́ náà kò tíì parí. Kajú ti di ọlá fún àwọn ará oko wa, láti Ajáàwà dé Ìrẹsà-Adú àti Ìkòyí-Ilé. Ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ni a ń tà sí Vietnam àti Índíà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń là á, tí wọ́n ń jẹ èrè rẹ̀. A ní Yunifásítì Ladoke Akintola láti 1990, níbi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìjọba ń ṣe títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó pẹ́ púpọ̀, títì ìjọba sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà abà, ta ni ó ni ín? Àwa tí a wà lẹ́yìn odi ń kọ́ ilé sí ìlú, a ń tì í pa, a ń wá sùn ín fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà ọdún.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pé kí ó kọ̀wé sí akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé, kí ó sọ ọ̀nà abà tí ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ tún ṣe, àti iye tí ó lè dá. Ní tiwa, ọ̀nà tí ó wọ inú oko Ìkòyí-Ilé ni a ó dìbò fún.